Ọjọ́ mẹ́fà ní Gíríìsì pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn: ibo la lè dé?

Àdùkẹ́_Lewisham
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá bá mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù kẹwàá, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ṣèlérí fún wọn pé a ó jọ dé ilẹ̀ Gíríìsì. Físà Schengen wọn ti jáde (ẹni tó bá rò pé físà UK á gbé òun wọ ibẹ̀, kó má tan ara ẹ̀ jẹ). Ọjọ́ mẹ́fà péré la ní. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, orúnkún ọ̀tún ò sì gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mo ti kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Acropolis (òkè àpáta tí àwọn tẹ́ḿpìlì àtijọ́ wà ní Áténì), Delphi, Olympia, Mycenae, Kírétè, Santorini: gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ní èèyàn ò gbọdọ̀ má dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, èwo nínú àwọn nǹkan àtijọ́ yìí ló tó kéèyàn tìtorí ẹ̀ da orúnkún ìyá ẹni láàmú? Màmá ò fẹ́ kí wọ́n máa ka ìtàn òrìṣà gígùn fún àwọn o. Àmọ́ bó bá kan Bíbélì, wọ́n á gbọ́ ọ dọ́la.

Tíṣà_Àgbà
Àdùkẹ́, ọmọ dáadáa ni ọ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, mo sì dé Gíríìsì lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn ará ìjọ wa, torí náà ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ.

Áténì lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé Áténì tí kò dé Mycenae, ìlú ọba àtijọ́, àbọ̀ ló rí. Ẹnubodè Kìnnìún wà níbẹ̀, ó ti lé ní ọdún 3,200 tó ti wà ní ìdúró. Kìnnìún méjì ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta lókè ẹnu ọ̀nà. Orí wọn ti já bọ́ tipẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ iwájú wọn ṣì wà lórí pẹpẹ tó gbé òpó àárín ró, bí ẹni ń retí àlejò. Nínú sàréè ìlú yẹn ni Heinrich Schliemann, ará Jámánì, ti wú ìbòjú wúrà kan jáde lọ́dún 1876, ló bá ní ti Agamemnon ni, ọba inú ìtàn ogun Troy. Irọ́ ni. Ìbòjú náà fi ohun tó ju ọdún 300 lọ dàgbà ju ìgbà tí wọ́n sọ pé Agamemnon gbé ayé lọ. Orúkọ ọ̀hún ò kúrò lára ẹ̀ títí dòní.

Epidaurus ò jìnnà síbẹ̀, gbàgede eré tó ní ìlà ìjókòó 55, tí ẹni tó wà lókè pátápátá á máa gbọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ketekete. Lẹ́yìn náà, Olympia. Lẹ́yìn náà, Delphi. Bí àyè bá sì wà, kẹ́ ẹ gòkè lọ sí Vergina níbi tí Manolis Andronikos ti ṣí ibojì àwọn ọba Masidóníà lọ́dún 1977, tó bá àpótí wúrà tí egungun wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tó, bẹ́ ẹ bá ń tètè jí.

Ará_Kypseli
Bàbá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ètò tẹ́ ẹ ṣe yìí, ti panápaná ni. Láti Áténì dé Delphi tó nǹkan bíi kìlómítà 180. Olympia tó 300. Vergina, ẹ ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rin 500. Inú bọ́ọ̀sì ni màmá máa mọ̀, wọn ò ní mọ Gíríìsì.

Áténì ni mò ń gbé láti ọdún 17, ní Kypseli níbi táwa ènìyàn dúdú pọ̀ sí. Gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé ni mò ń rí i: wọ́n á sáré wo ibi mẹ́wàá, tó bá di alẹ́ wọn ò ní mọ èyí tí wọ́n rí láàárọ̀. Gbogbo òpó á jọ ara wọn. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ gbọ́ tèmi: ẹ má kúrò ní Áténì àyàfi ọjọ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ yẹn lọ sí Kọ́ríńtì. Mo mọ ohun tí mò ń sọ nípa àwọn màmá wa.

Acropolis: èèyàn 20,000 ni wọ́n ń gbà wọlé lóòjọ́ láti ọdún 2023, tíkẹ́ẹ̀tì sì ní wákàtí tirẹ̀ lára, torí náà ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó ẹ̀ di 30 euro lọ́dún 2025. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, ọjọ́ ọdún wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù náà, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ọ̀fẹ́ ni. Èrò á kàn pọ̀ bí ọjọ́ ọjà.

Ti orúnkún: lífùtù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta náà fún àwọn tí kò lè gùnkè, tuntun ni, ìparí ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, ẹ má dé ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó sọ. Òkúta mábù tó wà lọ́nà ẹsẹ̀ ti dán bí ìgò látàrí àtẹ̀sẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ń yọ̀ kódà nínú oòrùn.

Ìyá_Tóbi
Mo fọwọ́ sí ti bàtà yẹn o! Sàńdáàsì tó fani mọ́ra ni mo wọ̀ lọ, bó ṣe gbé mi ṣubú nìyẹn níṣojú àwọn ọmọ iléèwé. Ẹ wọ bàtà abẹ́ rọ́bà. Ẹ so báàgì mọ́ iwájú nínú èrò, torí wọ́n yọ pọ́ọ̀sì mi, mi ò sì mọ̀ títí mo fi fẹ́ ra omi. Mo tún ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní afinimọ̀nà á dúró dè mí. Afinimọ̀nà wo? Wákàtí kan ni mo fi dúró nídìí igi ólífì bí ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ má lọ o. Ó dùn.

Ọmọ_Ìlódè
Ẹ jẹ́ kí n gbọ̀nà míì yọ. Àǹtí Àdùkẹ́, ṣebí Lọ́ńdọ̀nù lẹ wà? Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú màmá lọ sí British Museum, Yàrá 18, ọ̀fẹ́ ni. Nǹkan bí ìdajì àwọn ère tó ṣẹ́kù lára Parthenon, tẹ́ḿpìlì ńlá orí Acropolis, wà níbẹ̀. Lord Elgin, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn Tọ́kì tó ń ṣàkóso Gíríìsì nígbà náà, ló rán àwọn èèyàn ẹ̀ láti ọdún 1801 kí wọ́n máa gé wọn lára tẹ́ḿpìlì náà. Ó tà wọ́n fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1816 ní £35,000.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé kan náà, níbi tí nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà wà. Idẹ Bìní tí wọ́n kó lọ́dún 1897 wà níbẹ̀. Orí idẹ Ifẹ̀ tiwa náà wà nínú mùsíọ́mù yẹn, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Ẹni tó bá rí méjèèjì lọ́jọ́ kan, ojú tó máa fi wo Áténì á yàtọ̀.

Ẹ sì mọ èyí tó ń bí mi nínú jù? Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ lọ́dún 1910, tó rí orí Olókun, kò gbà pé àwa la ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ló ti wá tẹ̀dó síbí, pé Àtìláńtísì, ilẹ̀ inú ìtàn wọn tó rì sómi, nìyí. Iṣẹ́ ọwọ́ asúde Ifẹ̀, tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò ju bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lọ! Ká dáṣẹ́, ká wá fi orúkọ ẹlòmíì sí i.

Ẹlẹ́nu_Ṣámúṣámú
Ọmọ Ìlódè ti dé pẹ̀lú ẹjọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ o. Kí Elgin tó débẹ̀, ta ló ń tọ́jú ilé yẹn? Àwọn Tọ́kì kó ẹ̀tù ìbọn sínú ẹ̀, àwọn ará Fẹ́níìsì (Venice) yìnbọn lù ú lọ́dún 1687, àárín ẹ̀ fọ́ yángá. Àwọn kan ń sun òkúta ẹ̀ di ẹfun. Bí Elgin ò bá kó o, kí ló máa kù?

Ará_Kypseli
Ẹlẹ́nu, ó ku mélòó ká sọ pé ẹni tó gbé ewúrẹ́ rẹ lọ torí pé ọgbà rẹ ya, kó kúkú máa jẹ ẹ́. Lóòótọ́ ni ìbọn bà á jẹ́. Àmọ́ ayùn làwọn èèyàn Elgin fi rẹ́ òkúta kí ère tó kúrò lára ẹ̀. Ìwé àṣẹ tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn Tọ́kì fún un, ẹ̀dà tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Ítálì nìkan ló wà nílẹ̀.

Màá sọ ohun tẹ́ ẹ ẹ́ rí, kẹ́ ẹ wá fúnra yín dájọ́. Mùsíọ́mù Acropolis, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2009, wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà gan-an. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ògiri àjà òkè pátápátá, wọ́n sì kọ ọ́ kó dojú kọ ibi tí Parthenon dojú kọ. Wọ́n to ìlà ère náà yíká gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára tẹ́ḿpìlì. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, àwọ̀ ẹ̀ dà bí oyin. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀dà funfun báláú ni wọ́n fi dípò ẹ̀. Ẹṣin kan lè ní orí oyin àti ìdí funfun. Nísàlẹ̀, àwọn obìnrin òkúta tó máa ń fi orí gbé òrùlé Erechtheion, tẹ́ḿpìlì míì lórí òkè náà, dúró síbẹ̀: mẹ́fà ni wọ́n, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo láàárín àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kankan síbẹ̀. Àyè yẹn ṣáà wà.

Tíṣà_Àgbà
Ará Kypseli, mo ti gbọ́ tìrẹ, mo gbà. Kí wọ́n fi Vergina sílẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá dé iwájú Parthenon, kí Àdùkẹ́ sọ fún ìyá ẹ̀ pé kó wo pèpéle ìsàlẹ̀ dáadáa. Ọdún 447 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlà tó gún gbọọrọ nínú ẹ̀. Pèpéle náà ga sókè láàárín ju etí ẹ̀ lọ, ní ẹ̀gbẹ́ gígùn ó tó bíi sẹ̀ǹtímítà 11. Àwọn òpó rọra tẹ̀ sínú. Ojú lásán á rò pé ó gún. Bó bá gún lóòótọ́ ni, á dà bí ẹni pé ó tẹ̀.

Ará_Kypseli
Ó dáa, Bàbá. Ibi méjì ló kù tí mo fẹ́ sọ, tí àlejò máa ń fò.

Àkọ́kọ́ ni Agora, ọjà àtijọ́ wọn, tó tẹ́jú tó sì rọ màmá lọ́rùn. Tẹ́ḿpìlì Hephaestus wà níbẹ̀, òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ, Ògún tiwọn nìyẹn (ẹ má sọ fún màmá). Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí tẹ́ḿpìlì Gíríìkì míì tó ṣì dúró pé tó o. Nínú mùsíọ́mù tó wà ní Stoa, ilé gígùn olópòó ibẹ̀, ẹ wá àwọn àpáàdì. Nígbà náà, bí ará ìlú bá rí i pé olóṣèlú kan ti ń tóbi ju ìlú lọ, wọ́n á dìbò lé e jáde fún ọdún mẹ́wàá. Àpáàdì ni ìwé ìbò: wọ́n á ha orúkọ ẹ̀ sára ẹ̀. Wọ́n rí bí 190 tó ní orúkọ Themistocles, olóṣèlú kan, lára nínú kànga kan ní ẹ̀gbẹ́ Acropolis. Àwọn onímọ̀ wo ìkọ̀wé ẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ èèyàn 14 péré ló kọ gbogbo ẹ̀.

Ìkejì ni Mùsíọ́mù Àgbà ní òpópónà Patission, níbi tí ìbòjú wúrà tí Bàbá Tíṣà sọ wà gan-an (ẹ rí i pé kò pọn dandan kẹ́ ẹ dé Mycenae). Níbẹ̀ náà ni ẹ̀rọ Antikythera wà. Lọ́dún 1900, àwọn òmùwẹ̀ láti erékùṣù Symi tó ń wá kànìnkànìn inú òkun rí ọkọ̀ àtijọ́ tó rì nítòsí erékùṣù Antikythera. Lára ohun tí wọ́n kó jáde ni òkìtì idẹ kan tó ti dípẹtà, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Lọ́dún 1902 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí eyín jíà nínú ẹ̀. Jíà 30 ló ṣẹ́kù. Ọ̀kan ní eyín 223, torí oṣù 223 ló wà nínú àyípoyípo kan tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí òṣùpá àti oòrùn máa ṣókùnkùn. Ó ti lé ní ọdún 2,000.

Ẹlẹ́nu_Ṣámúṣámú
Ẹ dúró ná. Èèyàn 14 kọ ìwé ìbò 190? Ìyẹn ni pé wọ́n ti ń tẹ̀ka sílẹ̀ de olùdìbò látọjọ́ náà! Àwọn tiwa ò dá a sílẹ̀ nìyẹn o. Mo ti rí ohun tí màá gbé lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù.

Ìyá_Tóbi
🤣🤣 Ẹlẹ́nu, Ọlọ́run máa bá ẹ wí.

Àdùkẹ́, Òkè Máàsì tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù, Áréópágù inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ẹ̀gbẹ́ Acropolis ló wà, ọ̀fẹ́ ni. Kí màmá má gùn ún o, àpáta ni, ó ń yọ̀. Wọ́n kọ ìwàásù Pọ́ọ̀lù sára àwo idẹ kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, ní èdè Gíríìkì. Kí wọ́n dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ ka orí 17 ní Yorùbá fún wọn.

Àdùkẹ́_Lewisham
Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti dé. Ọjọ́ kẹrin rèé, ṣùgbọ́n màmá ò jẹ́ kí n sinmi kí n tó kọ̀wé, wọ́n ní kí n kí yín, pàápàá Ará Kypseli tó wá gbé wa jẹun ìrọ̀lẹ́.

A lọ sí British Museum ṣáájú, bí Ọmọ Ìlódè ṣe wí. Níwájú ère Parthenon, màmá ò sọ̀rọ̀. Níwájú orí idẹ Ifẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wo ìlà tó wà lójú ẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ilà bàbá wọn lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn. Wọ́n ní, "Ẹ wo bó ṣe dákẹ́." Ìyẹn nìkan.

Acropolis: èmi ni mo ṣìṣe, aago méjìlá ni mo rà dípò mẹ́sàn-án, oòrùn sì ti mú. Wọ́n gbà wá sínú lífùtù nígbà tí wọ́n rí ọ̀pá. Lórí òkè, màmá jókòó sórí òkúta, wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún tẹ́ḿpìlì ṣe, wọ́n ní òkúta tuntun tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ funfun jù. Nígbà tá a wá dé mùsíọ́mù ìsàlẹ̀ tí wọ́n rí ẹ̀dà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìyẹn náà, àtúnṣe ni. Mo ṣàlàyé. Wọ́n bi mí pé, "Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù náà kọ́?" Àwọn náà ni, màmá.

Ẹ̀rọ Antikythera ni mo rò pé á sú wọn. Bàbá wọn máa ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀, mo ti gbàgbé. Wọ́n dúró síwájú gíláàsì yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ó rí bí àkàrà tó jóná, àwọ̀ ewé àti dúdú, àgbá jíà ńlá tó dà bí kẹ̀kẹ́ hàn lójú ẹ̀. Wọ́n ní, "Tó bá bàjẹ́ lójú omi, ta ló ń bá wọn tún un ṣe?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ bá mi dá wọn lóhùn.

Àná la lọ sí Kọ́ríńtì. Ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Kọ́ríńtì tuntun, takisí gbé wa dé ti àtijọ́. Òpó méje ló kù lára tẹ́ḿpìlì Apollo, òpó kan òkúta kan, gìdìgbà gìdìgbà bí igi ìrókò tí wọ́n gé lórí. Màmá ò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n ń lọ ni Bema, pèpéle ìdájọ́ tí wọ́n ti mú Pọ́ọ̀lù dé iwájú Gálíò, gómìnà Róòmù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Wọ́n bọ́ bàtà. Mo ní, "Màmá, òkúta wẹẹrẹ pọ̀ nílẹ̀." Wọ́n ní kí n ṣí Bíbélì. Mo kà á, afẹ́fẹ́ ń ya ìwé náà, àwọn ará Ṣáínà kan dúró tì wá, wọn ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ wọ́n bọ́ fìlà.

Lẹ́yìn náà la wọ mùsíọ́mù kékeré tó wà nínú ọgbà náà. Àwọn nǹkan tí wọ́n hú níbi ojúbọ Asclepius wà níbẹ̀, òrìṣà ìwòsàn wọn. Ẹni tí ara ẹ̀ bá yá á fi amọ̀ mọ ibi tó ń dùn ún, á gbé e wá dúpẹ́. Etí wà, ọwọ́ wà, ọmú wà. Ẹsẹ̀ pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Màmá tí kò fẹ́ gbọ́ ìtàn òrìṣà, wọ́n tẹ̀ mọ́ gíláàsì, wọ́n ń ka ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí ọ̀kan tó dé orúnkún. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Èyí, orúnkún ọ̀tún ni."

Ọmọ_Ìlódè
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ yẹn?

Àdùkẹ́_Lewisham
Màmá ò jẹ́ kí n yà á. Wọ́n ní nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ ni.

Tíṣà_Àgbà
Àdùkẹ́, sọ fún ìyá rẹ pé òkúta kan wà ní Delphi tí orúkọ Gálíò wà lára ẹ̀, òun la fi mọ̀ pé bí ọdún 51 tàbí 52 ni Pọ́ọ̀lù dúró níwájú ẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì. Kìlómítà 180 péré ni.

Ará_Kypseli
Bàbá Tíṣà! Ẹ fi màmá sílẹ̀, wọ́n ń sùn. Àǹtí Àdùkẹ́, ìborùn aláró tí wọ́n gbàgbé sórí àga wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Màá gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la ká tó lọ sí Agora. Ẹ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má dá gòkè lọ.